Àyẹ̀wò thyroid mi dára, síbẹ̀ ara mi ò yá: ohun tó wá ràn mí lọ́wọ́

Ó ń rẹ̀ mí láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, òtútù ń mú mi níbi tí àwọn ẹlòmíì ti ń làágùn, irun mi sì ń já wìtìwìtì sára ooyà. Gbogbo ẹni tó rí mi ló ní thyroid ni, ẹ̀yà ara inú ọrùn tó ń darí bí ara ṣe ń lo agbára. Wọ́n yẹ TSH àti free T4 wò, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí thyroid ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, kò sí wàhálà. Ilé àyẹ̀wò mìíràn sọ ohun kan náà. Wọ́n ní kí n máa sinmi, mo sinmi. Mo mu fítámì, pàbó ló já sí.

Dókítà obìnrin kan ló wá bi mí bí nǹkan oṣù mi ṣe ń wá. Ó ń ya ni, àní mo ń jí lóru pààrọ̀ páàdì. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó ń ya máa ń kó iron, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, lọ, pé kí n ṣe àyẹ̀wò ferritin, èyí tó ń fi iye iron tí ara tọ́jú pamọ́ hàn. PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa, jẹ́ 37, ó dára. Ferritin jẹ́ 8. Tí ó bá ti wá sílẹ̀ ju 15 lọ, iron ò tó lára nìyẹn, kódà kí PCV ṣì dára.

Ó ní kí n máa lo oògùn iron lọ́jọ́ kan, kí n fo ọjọ́ kejì, kí n fi omi ọsàn mu ún, kí tíì àti mílíìkì jìnnà sí i. Ìgbẹ́ máa ń dúdú, ẹ má fòyà. Àárẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Irun pẹ́ kó tó dáwọ́ jíjá dúró.

Ti yín lè yàtọ̀ o. Ẹ ṣe àyẹ̀wò kí ẹ tó lo iron, àpọ̀jù rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.