Bí a ṣe ń mọ ọjọ́ tí ẹyin ń jáde nígbà tí nǹkan oṣù ò dúró sójú kan

Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń wá sọ́dọ̀ wa ní Ṣómólú pé àwọn ń wá àbúrò fún ọmọ wọn ló máa ń sọ ohun kan náà: "Nọ́ọ̀sì, èyí àkọ́kọ́ ò pẹ́ rárá." Òótọ́ ni, àmọ́ ara ìgbà yẹn kọ́ ni ara ìsinsìnyí. Ọjọ́ orí ti gòkè. Ẹlòmíràn ti sanra, ẹlòmíràn ṣì ń fọ́mọ lọ́mú lóru, ẹlòmíràn gba abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí, tàíróòdù ọrùn ẹlòmíràn ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Nǹkan oṣù tó ń wá ní ọjọ́ 28 gérégé tẹ́lẹ̀ á wá di 33 lóṣù yìí, 41 lóṣù tó tẹ̀ lé e, 27 lẹ́yìn náà. Ìyá ọkọ ń béèrè, àwọn ará ìjọ ń gbàdúrà, kò sì sẹ́ni tó jókòó ka ọjọ́.

Ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ "ọjọ́ kẹrìnlá" ná, torí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Láti ìgbà tí ẹyin bá jáde títí nǹkan oṣù fi máa dé, ó sábà máa ń tó ọjọ́ 12 sí 14, apá yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Apá iwájú ló ń fà gùn, ìyẹn láti ìgbà tẹ́ ẹ rí nǹkan oṣù títí ẹyin fi máa gbó. Obìnrin tó lo ọjọ́ 41 lóṣù kan, nǹkan bí ọjọ́ 27 ni ẹyin rẹ̀ jáde. Bó bá lọ fi gbogbo agbára rẹ̀ sí ọjọ́ 14, ó ti fi ohun tó sún mọ́ ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ẹyin.

Ìwé lẹ máa kọ́kọ́ rà

Ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé ti tó, kẹ́ ẹ so báírò mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí áàpù inú fóònù, àmọ́ ọjọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ máa kọ síbẹ̀. Ẹ má wo àwọ̀ tó fi ń kun ọjọ́ tó ní ẹyin máa jáde. Oṣù tó ti kọjá ló ń ṣírò. Fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń fò síwá fò sẹ́yìn, irọ́ ni yóò máa pa.

Ọjọ́ kìíní ni ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀ sí í dà débi tẹ́ ẹ fi nílò páàdì. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó kàn kán sára pátá lálẹ́ àná ò sí nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àlàfo tó kúrú jù àti èyí tó gùn jù. Láti ọjọ́ 21 sí 35 ṣì dára fún àgbàlagbà.

Kẹ́ ẹ tó náwó sórí ohunkóhun, ẹ bi ara yín léèrè nǹkan méjì. Ṣé ẹ ṣì ń fọ́mọ lọ́mú, pàápàá lóru? Ọmú yẹn lè máà jẹ́ kí ẹyin jáde. Ṣé abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta lẹ gbà? Ó lè tó oṣù 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn èyí tẹ́ ẹ gbà kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó lóyún, kò sì túmọ̀ sí pé nǹkan ti bàjẹ́. Èyí tí wọ́n ń fi sápá àti lúùpù kì í fà á bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá ti yọ ọ́.

Omi ara

Èyí ò gba kọ́bọ̀. Láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó tọ̀, ẹ fi tíṣù nu ojú ara, ẹ fi ìka méjì mú ohun tó bá wà lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì rọra fà á. Lẹ́yìn nǹkan oṣù, ojú ara máa ń gbẹ. Tó bá yá, omi tó ki, tó funfun, tó sì ń já lójú ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọjọ́ tó bá mọ́ gaara, tó ń yọ̀, tó ń fà gùn láìjá bíi funfun ẹyin adìyẹ tútù, àsìkò ti tó. Tó bá tún ti ki padà, ó ti kọjá nìyẹn.

Ẹni tó ń fi omi álọ́ọ̀mù tàbí ọṣẹ olóòórùn fọ inú ojú ara ò ní rí nǹkan kan kà. Ẹ dá a dúró. Omi lásán ti tó, ìta nìkan náà ni kẹ́ ẹ fọ̀. Omi tó ń rùn, tó láwọ̀ ewé, tàbí tó ń yún yín, àrùn ni, ẹ lọ tọ́jú rẹ̀ ná.

Bébà àyẹ̀wò, ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́

Bébà àyẹ̀wò LH, tí wọ́n ń pè ní strip ní kẹ́míìsì, ló máa ń fi hàn nínú ìtọ̀ pé họ́móònù tó ń ti ẹyin jáde ti gòkè. Láti ìgbà tó bá ti gòkè, ẹyin á jáde láàárín nǹkan bíi wákàtí 24 sí 36. Ó wúlò gan-an, òun náà ni mo sì ti rí tí wọ́n ṣì lò jù.

Obìnrin kan kó tirẹ̀ jáde látinú pọ́ọ̀sì níwájú mi, ó fi tíṣù wé wọn, inú rẹ̀ sì dùn torí pé gbogbo wọn ló ní ìlà méjì. Mo tò wọ́n sábẹ́ iná. Lórí gbogbo wọn, ìlà kan pọ́n dòdò, èkejì kàn rí fírífírí. Kò sí ọ̀kan tó pé nínú wọn. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń gbìyànjú lójoojúmọ́ látọjọ́ kẹsàn-án, àárẹ̀ mú wọn, wọ́n wá sinmi ní ọ̀sẹ̀ tí ẹyin ń bọ̀ gan-an.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bébà oyún ni ìlà méjì ti túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni, kódà kí ọ̀kan rí fírífírí. Ti LH ò rí bẹ́ẹ̀, torí LH díẹ̀ máa ń wà nínú ìtọ̀ obìnrin nígbà gbogbo. Ìlà tó sún mọ́ ibi tẹ́ ẹ fọwọ́ mú ni ìlà atọ́ka. Èkejì, ìlà àyẹ̀wò, gbọ́dọ̀ pọ́n tó o tàbí kó pọ́n jù ú lọ. Tí kò bá tíì pọ́n tó o, rárá ni ìdáhùn, ẹ tún un ṣe lọ́la.

Ẹ má ka bébà tó ti gbẹ. Bí ìtọ̀ bá ṣe ń gbẹ lórí rẹ̀ ni ìlà rẹ̀ lè máa yí padà, ẹni tó wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kejì á rí ohun tí kò sí níbẹ̀ lánàá. Ẹ ki í bọ inú ìtọ̀, kó má kọjá ìlà tí wọ́n fà sára rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ kà á ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Tó bá ti lé ní mẹ́wàá, ẹ sọ ọ́ nù. Ya fọ́tò rẹ̀ ní ìṣẹ́jú karùn-ún ni mo máa ń sọ fún wọn, torí fọ́tò náà lẹ máa fi wé ti ọjọ́ kejì.

Aago méjì ọ̀sán ni kẹ́ ẹ máa ṣe é. Òwúrọ̀ kùtù ni LH sábà máa ń gòkè nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì máa ń gba wákàtí díẹ̀ kó tó hàn nínú ìtọ̀, ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ àkọ́jí ò fi dára tó fún èyí. Ẹni tó ń tajà ní Balógun tàbí tó wà ní ọ́fíìsì, ẹ gbé kọ́ọ̀bù kékeré onírọ́bà sínú báàgì. Ẹ má mu omi púpọ̀ fún wákàtí méjì ṣáájú. Mo mọ bí oòrùn Èkó ṣe rí, mo sì mọ̀ pé ẹni tó há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ lórí Third Mainland Bridge á ti da omi inú ọ̀rá bíi mélòó kan sọ́fun kó tó délé. Àmọ́ ìtọ̀ tó bá lomi jù á bo LH mọ́lẹ̀, bébà á sì ní rárá fún yín lọ́jọ́ tó yẹ kó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀? Ẹ mú àlàfo tó kúrú jù nínú ìwé yín, kẹ́ ẹ yọ 17 kúrò. Ẹni tó kọ 27, 33 àti 41 á mú 27, á yọ 17, ó ku 10. Ọjọ́ kẹwàá ló máa bẹ̀rẹ̀, kò sì ní dúró títí ìlà á fi pọ́n, ó lè di ọjọ́ 27. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí. Wọ́n á ra páálí tó ní bébà márùn-ún tàbí méje, wọ́n á lò ó tán ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, wọ́n á wá máa sunkún pé àwọn ò ní ẹyin. Bébà ló tán, ẹyin ò tíì dé ni.

Torí náà, ẹ má ra èyí tó ń fi àwòrán ẹ̀rín hàn, owó rẹ̀ á pa yín. Àwọn bébà ẹlẹ́yọ ẹyọ tí wọ́n ń tà lọ́pọ̀ ní Ìdúmọ̀tà náà ń ṣiṣẹ́, bẹ́ ẹ bá ti wo nǹkan mẹ́ta: kí ọ̀rá tí wọ́n fi dì í má ya, kí ọjọ́ rẹ̀ má tíì kọjá, kó sì jẹ́ LH ni wọ́n kọ sí i lára, kì í ṣe HCG, torí ti oyún ni ìyẹn, àwọn méjèèjì sì jọra. Èyí tí wọ́n sá sóòrùn níwájú ìsọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Kó má bàa tètè tán, ẹ lè dúró kí omi ara bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, kó máa yọ̀, kẹ́ ẹ tó ṣí èyí àkọ́kọ́. Ìwé tó wà nínú páálí ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé tí iye ìṣẹ́jú tiyín bá yàtọ̀.

Tí ìlà bá pọ́n fún ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún léraléra, tàbí tó pọ́n, tó lọ, tó tún padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ PCOS, ìyẹn ìṣòro họ́móònù tí kì í jẹ́ kí ẹyin máa jáde déédéé. LH àwọn tó ní in lè ga láìjẹ́ pé ẹyin kankan jáde. Ìdí nìyẹn tí bébà nìkan ò fi tó ẹ̀rí.

Ooru ara, láti fi jẹ́rìí

Ẹ ra tẹmómítà tó lè kọ 36.45, kì í ṣe èyí tó mọ sí 36.4. Kẹ́ ẹ tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ fi sábẹ́ ahọ́n, ní aago kan náà lójoojúmọ́. Lẹ́yìn tí ẹyin bá jáde, ara á fi nǹkan bíi 0.2 sí 0.5 gbóná sí i, ọjọ́ mẹ́ta léraléra sì ni ẹ̀rí. Kì í sọ tẹ́lẹ̀ o, ẹ̀yìn ló ń sọ. Òru tí wọ́n mú iná lọ tẹ́ ẹ ò sì rójú sùn, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà, ẹ má kà á. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, kó fi ti tẹmómítà sílẹ̀.

Ìbálòpọ̀ fúnra rẹ̀ ò gba àlàyé púpọ̀. Àtọ̀ lè lo ọjọ́ márùn-ún nínú omi ara tó dára, ẹyin ò sì lò ju wákàtí 12 sí 24 lọ, àtọ̀ ló yẹ kó ti dúró dè é. Láti ọjọ́ tí omi bá ti ń yọ̀, ẹ máa fi ọjọ́ kan sinmi láàárín, títí di ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí ìlà pọ́n. Ẹ̀yin tí ọkọ yín ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ ni kẹ́ ẹ ti pè é wálé. Ẹ má lo itọ́ tàbí ìpara. Gbígbé ẹsẹ̀ sára ògiri ò fi nǹkan kan kún un.

Clomid tí wọ́n ń júwe fúnra wọn

Mo bẹ̀ yín lórí èyí. Ẹ má lọ ra Clomid, oògùn tó ń mú kí ẹyin gbó, ní kẹ́míìsì torí pé ọ̀rẹ́ kan lò ó tó sì bí ìbejì. Oògùn gidi ni, dókítà sì ń lò ó, àmọ́ ó máa ń fi skáànì wo ẹyin mélòó ló ń gbó. Ó lè jẹ́ kí ilé ẹyin wú, kí ikùn kún fún omi, ó sì lè fún yín ní oyún mẹ́ta tí ilé ọmọ ò lè gbé débi tó yẹ. Tó bá sì jẹ́ tàíróòdù tàbí prolactin, họ́móònù tó ń mú wàrà wá sọ́mú, ló ń dí yín lọ́wọ́, ẹ kàn ń fi oṣù ṣòfò ni. Èyí tẹ́ ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lónìí láìbi ẹnikẹ́ni ni folic acid, máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́, torí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ. Ẹni tó bá ní jẹ́nótáìpù SS, kó bi dókítà, tirẹ̀ máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó sanra tó sì ní PCOS, tó bá wọ̀n tó kílò 90, kílò 5 sí 9 tó bá jò lè mú kí ẹyin padà.

Ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ lọ rí dókítà

Ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 35, lẹ́yìn ọdún kan tó ti ń gbìyànjú. Ẹni tó ti pé 35, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Àmọ́ tí nǹkan oṣù bá ń kọjá ọjọ́ 35 léraléra, tàbí tó ti lo oṣù mẹ́ta láìdé, tàbí tí wàrà ń jáde lọ́mú nígbà tẹ́ ò fọ́mọ lọ́mú, ẹ má dúró de ọdún kankan. Ẹ lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà, LASUTH ní Ìkẹjà, tàbí Island Maternity tẹ́ ẹ bá wà lọ́hùn-ún. Ẹ mú ìwé yín àti fọ́tò bébà dání. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dà gan-an nígbà tẹ́ ẹ bí èyí àkọ́kọ́, tàbí wọ́n ti fọ ilé ọmọ yín rí, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó béèrè.

Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ṣàyẹ̀wò progesterone "ọjọ́ 21", ìyẹn họ́móònù tó ń gòkè lẹ́yìn tí ẹyin bá jáde, ẹ fi àlàfo yín hàn wọ́n. Ọjọ́ méje ṣáájú nǹkan oṣù ló yẹ kí wọ́n gbà á. Ẹni ọjọ́ 35, ọjọ́ 28 ni tirẹ̀. Ọkọ náà gbọ́dọ̀ ṣàyẹ̀wò àtọ̀, kó ti sinmi fún ọjọ́ 2 sí 7 kó tó lọ. Ọmọ tó ti bí tẹ́lẹ̀ ò yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀.

Ní ti àyẹ̀wò oyún, ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ò dúró sójú kan ò lè sọ pé ó ti kọjá ọjọ́. Látọjọ́ tí ara ti gbóná sókè lẹ máa kà. Tó bá di ọjọ́ 18 tí kò wálẹ̀, tẹ́ ò sì rí nǹkan oṣù, ẹ ra bébà HCG, ẹ lo ìtọ̀ àkọ́jí. Lórí ìyẹn, ìlà méjì tó bá yọ láàárín àsìkò tí wọ́n kọ sí páálí, bó ti wù kó rí fírífírí tó, bẹ́ẹ̀ ni.