Bí Wọ́n Ṣe Ń Fo Quad: Yíyí Mẹ́rin Lófuurufú Lórí Yìnyín

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1988, ní Budapest, Kurt Browning ọmọ Kánádà fò kúrò lórí yìnyín, ó yí lẹ́ẹ̀mẹrin lófuurufú, ó sì fi ẹsẹ̀ kan balẹ̀. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí àjọ tó ń darí figure skating, ìyẹn eré fífi bàtà onírin yọ̀ lórí yìnyín, gbà pé ó fo quad, ìyẹn fífò oníyíyí mẹ́rin, nínú ìdíje. Lóde òní, ó ṣòro gan-an fún ọkùnrin tí kò lè fo quad láti gba àmì-ẹ̀yẹ ní ìdíje àgbáyé.

Máàkì ló fà á. Toe loop, Lutz àti Axel jẹ́ orúkọ oríṣi fífò. Toe loop ẹlẹ́ẹ̀mẹta, 4.2 ni. Bí wọ́n bá yí i lẹ́ẹ̀mẹrin, ó di 9.5. Lutz ẹlẹ́ẹ̀mẹrin jẹ́ 11.5, Axel ẹlẹ́ẹ̀mẹrin sì jẹ́ 12.5. Axel ló le jù, torí pé iwájú ni eléré ń kọjú sí nígbà tó bá ń fò ó, yíyí mẹ́rin àtààbọ̀ sì ni. Ọdún 2022 ni Ilia Malinin, ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ ẹni ọdún 17 nígbà náà, kọ́kọ́ fò ó yọrí nínú ìdíje, ní Lake Placid. Ní Òlímpíìkì PyeongChang lọ́dún 2018, ipò 17 ni Nathan Chen, ọmọ Amẹ́ríkà, wà lẹ́yìn apá àkọ́kọ́ ìdíje. Ní apá kejì ó gbìyànjú quad mẹ́fà, ó sì gòkè dé ipò karùn-ún. Mi ò mọ ohun mìíràn nínú eré yìí tó lè gbé èèyàn sókè tó bẹ́ẹ̀.

Toe loop ni màá fi ṣàlàyé, torí òun ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin fi ń bẹ̀rẹ̀ quad. Ẹni tó ń yí sápá òsì ni mo ní lọ́kàn, àwọn ló pọ̀ jù.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Toe loop ẹlẹ́ẹ̀mẹta yín gbọ́dọ̀ ti dúró ṣinṣin, kó máa bọ́ sí i kódà nígbà tó bá rẹ̀ yín. Ẹ kọ́kọ́ máa yí lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí ara mọ bó ṣe ń pa pọ̀. Lẹ́yìn náà ni kóòṣì á so bẹ́líìtì olókùn mọ́ yín lára lórí yìnyín, táá fi máa gbé yín bí ẹ bá fẹ́ ṣubú. Ẹ má ṣe dá a gbìyànjú láìsí kóòṣì. Ọrùn ẹsẹ̀, orúnkún àti ìbàdí ló ń jìyà rẹ̀.

1. Wíwọlé. Ẹ wọlé pẹ̀lú eré. Eré yẹn lẹ máa yí padà di gíga àti jíjìnnà.

2. Etí irin. Irin abẹ́ bàtà ní etí méjì, ti inú àti ti òde. Ẹ máa fẹ̀yìn lọ lórí etí òde ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí orúnkún tẹ̀ dáadáa. Kí èjìká má tíì yí. Ẹni tó bá ti kánjú yí èjìká ti ba fífò náà jẹ́ kó tó kúrò nílẹ̀.

3. Eyín bàtà. Eyín kéékèèké wà níwájú irin náà. Ẹ na ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn tààrà, kí ẹ fi eyín rẹ̀ gún yìnyín, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹ ṣe ń fò sókè. Ibí yìí ni quad ti ń yọrí tàbí kó bàjẹ́. Bí ẹsẹ̀ òsì bá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dípò ẹ̀yìn, ara á fì, ẹ ò sì ní rí àyè tún un ṣe lókè.

4. Lókè. Gbogbo àkókò tẹ́ ẹ ní kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 0.7 lọ. Ẹ fa apá méjèèjì mọ́ àyà kíákíá, kí ẹsẹ̀ òsì kọjá níwájú ọ̀tún, kí gbogbo ara wà lórí ìlà ẹsẹ̀ ọ̀tún. Bí ara ṣe ń há tó ló ṣe ń yára yí tó. Ẹ dúró gbọọrọ bí òkòtó tó ń yí láìmì. Ọ̀pọ̀ eléré ló ń fò ga tó láti yí mẹ́rin, àmọ́ wọ́n máa ń pẹ́ jù kí wọ́n tó fa apá mọ́ra.

5. Bíbalẹ̀. Ẹ ṣí apá, ẹ ju ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn, ẹ fi etí òde ẹsẹ̀ ọ̀tún balẹ̀, kí orúnkún rọ̀. Bí ẹ bá tètè ṣí i, yíyí ò ní pé. Àwọn adájọ́ máa ń tún fídíò wò díẹ̀díẹ̀: bí ohun tó dín bá ju ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan lọ, 9.5 di 7.6. Bó bá dín tó ààbọ̀ yíyí kan, ẹlẹ́ẹ̀mẹta ni wọ́n á kà á sí.

Ìṣubú náà ní ìṣirò tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó yé yín kí ọjọ́ ìdíje tó dé. Bí ẹ bá yí mẹ́rin pé tẹ́ ẹ wá ṣubú, wọ́n á yọ ìdajì 9.5, wọ́n á tún yọ máàkì kan sí i. Ó ku 3.75, èyí tí kò tó 4.2 ti ẹlẹ́ẹ̀mẹta tó mọ́. Torí náà, ẹni tí quad rẹ̀ ò dúró ní ìdánrawò àárọ̀, kó bá kóòṣì rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó sì fo ẹlẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ ọjọ́ yẹn.