Ẹ̀rọ agégi tòkunbọ̀ tó ń kú tó bá ti gbóná

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o ẹ̀gbọ́n. Mo ra ẹ̀rọ agégi tòkunbọ̀ kan lóṣù tó kọjá torí igi tí màmá mi fi ń yan gààrí, ayìn ló pọ̀ lágbègbè wa, ẹ sì mọ bó ṣe le tó, àáké ò ràn án mọ́. Lọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún mi, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fà á tó sitáàtì, inú mi dùn mo sanwó. Ní báyìí, tí mo bá tan án láàárọ̀ á ṣiṣẹ́ dáadáa fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á wá kú, màá fà á títí apá á fẹ́ẹ̀ já, kò ní dáhùn àfi tó bá tutù. Mo ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo ti fọ kábúrétọ̀. Kí ló kù?

Ìdáhùn: Káàsán o àbúrò, màmá kú iṣẹ́. Má tíì ra nǹkan kan mọ́. Nǹkan mẹ́ta ni mo máa ń kọ́kọ́ wò lára irú ẹ̀, ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú tó ṣì gbóná ni kó o sì yẹ̀ ẹ́ wò, torí tó bá ti tutù gbogbo ẹ̀ á dà bíi pé kò sóhun tó ṣe é, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń ṣì í.

Àkọ́kọ́ ni ìdérí táǹkì. Tú u díẹ̀díẹ̀ o, jìnnà síná, torí epo tó gbóná lè tú síni lára. Tó o bá gbọ́ tí atẹ́gùn fà wọlé "ṣììì", tó o tún fà á tó sitáàtì, a jẹ́ pé ihò tí táǹkì fi ń mí ló dí. Epo ń jáde, atẹ́gùn ò wọlé rọ́pò ẹ̀, tó bá yá epo ò ní lè jáde mọ́. Wàá kàn nu ihò yẹn mọ́ ni.

Èkejì, yọ púlọ́ọ̀gì, fi wáyà ẹ̀ sí i padà, fi irin ìdí ẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì níbi tó jìnnà sí ihò tó o ti yọ ọ́, kó o wá fa okùn. Tí iná ò bá ta, kọ́ìlì, èyí tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, ló sábà máa ń jẹ́. Wáyà wẹ́wẹ́ inú ẹ̀ lè ti já, tó bá gbóná á yàgò fúnra wọn, tó bá tutù wọ́n á tún kan ara wọn.

Ẹ̀kẹta tí mi ò fẹ́ kó jẹ́ ni kọnpírẹ́ṣàn, ìyẹn bí písítìnì ṣe ń fún atẹ́gùn inú ẹ́ńjìnnì pọ̀. Rọra fa okùn, ṣé ó ń ta kò ẹ́ lọ́wọ́ bó ṣe ń ṣe láàárọ̀, àbí ó kàn ń wá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́? Tó bá rọ̀, tú sàláńsà kúrò tó bá tutù, kó o fi tọ́ọ̀ṣì wo písítìnì láti ihò yẹn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe é. Ìdérí ò ṣe nǹkan kan, iná ń ta dáadáa, àmọ́ okùn yẹn rọ̀ gan-an tó bá gbóná. Mo wá rí ìlà gbọọrọ gbọọrọ lára písítìnì bíi pé wọ́n fi ìṣó ha á, apá ibi sàláńsà ló wà. Ṣé kí n kàn ra písítìnì tuntun?

Ìdáhùn: Áà, pẹ̀lẹ́. Ohun tó ń pa á nìyẹn, atẹ́gùn ń gba ojú ìlà yẹn sá. Àmọ́ má tíì ra písítìnì, torí ohun tó ha ti àkọ́kọ́ á ha ìkejì náà tí ò bá tíì kúrò níbẹ̀. Tó bá jẹ́ apá ibi kábúrétọ̀ ló ti ha, ǹ bá sọ pé eruku ni, fíltà ti ya. Ti apá sàláńsà yìí, nǹkan méjì ló sábà máa ń fà á. Ó lè jẹ́ pé wọ́n bu epo sí i láìsí óìlì tàbí kí óìlì kéré, ó sì lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ń fa atẹ́gùn níbi tí kò yẹ, lójú gásíkẹ́ẹ̀tì, lára rọ́bà kábúrétọ̀ tó ti sán tàbí lára síìlì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, epo tó ń wọlé á wá kéré, óìlì tó wà nínú epo yẹn náà á kéré. Wàá mọ̀ tó o bá yọwọ́ lórí gáàsì tó ń mú un sáré tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ké, tí kì í tètè lọ sílẹ̀.

Óìlì two-stroke, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ epo, ni kó o máa lò. Stihl tó ń ṣe ẹ̀rọ agégi fúnra wọn sọ pé tí óìlì bá jẹ́ tiwọn, 1 sí 50, tó bá jẹ́ òmíràn, 1 sí 25. Fún epo lítà 5, ti àkọ́kọ́ jẹ́ mílílítà 100, ìkejì 200. Èmi ò lè gbẹ́kẹ̀ lé óìlì tí mi ò mọ orísun ẹ̀, 200 ni mo máa ń bù.

Tó o bá tú u, fi èékánná ra inú sìlíńdà, ibi tí písítìnì ti ń lọ tó ń bọ̀. Tí èékánná bá há síbì kan, sìlíńdà náà ti lọ, kó o ṣírò owó méjèèjì kó o tó náwó. Tó bá dán, písítìnì àti ríìngì tó, lẹ́yìn tó o bá ti dí ibi tó ń fa atẹ́gùn.

Ìbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀rẹ́ mi náà fẹ́ ra, kí ló máa wò kó tó sanwó?

Ìdáhùn: Kó fọwọ́ kan ara ẹ́ńjìnnì kó tó kí ẹni tó ń tà á pàápàá. Tó bá lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n ti tan án kó tó dé, kó jókòó kó tutù. Kó sitáàtì ẹ̀ ní tútù, kó fi gé igi gidi fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó pa á, kó dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, kó tún fà á. Àléébù ẹ̀rọ tìẹ ì bá ti hàn níbẹ̀ yẹn. Kó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó tú sàláńsà tó bá tutù, ẹni tó bá kọ̀, kó máa lọ.

Kó sì wo bírékì ṣéènì, ẹ̀mí ni. Tí ṣéènì bá ń yí, kó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti irin tó wà níwájú ibi ìdìmú síwájú, ó gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀. Stihl 070 tí àwọn tó ń la pákó fẹ́ràn, ó lágbára lóòótọ́, ó lé ní 100 cc, àmọ́ kò ní bírékì yẹn rárá, ó sì wúwo. Fún igi ìdáná, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn, kó wá kékeré tí bírékì ẹ̀ ń mú.