Bí A Ṣe Ń Fi Igo Ẹlẹ́rìndòdò Ṣe Rọ́kẹ́ẹ̀tì Olómi Tó Ga Tó Mítà Kan

Omi àti atẹ́gùn nìkan ni ń gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì tí a fẹ́ ṣe yìí fò. A ó fẹ́ atẹ́gùn pọ̀ sínú igo tí omi wà nínú rẹ̀, a ó sì ṣí ẹnu igo náà lójijì. Atẹ́gùn á ti omi jáde sísàlẹ̀, igo á sì gba òkè lọ, nítorí pé ohun tí a bá tì a máa ti ẹni tó tì í padà, gẹ́gẹ́ bí Isaac Newton ti kọ ọ́ sínú ìwé ní ọdún 1687. Kò sí iná nínú rẹ̀, kò sì sí ẹ̀tù. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn rọ́kẹ́ẹ̀tì, bíi National Association of Rocketry àti Tripoli Rocketry Association a máa dán ọmọ ẹgbẹ́ wò ní ìpele mẹ́ta kí ó tó lè máa lo àwọn ẹ́ńjìnnì oníná tó lágbára jù, èyí tí ilé-iṣẹ́ ti ṣe parí. Lọ́dọ̀ tiwa, iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìjọba ni rọ́kẹ́ẹ̀tì oníná, irú èyí tí NASRDA, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń rí sí ìmọ̀ òfurufú, ní ibùdó fún ní Ẹ̀pẹ́, tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tó bá sì ń po ẹ̀tù nínú yàrá rẹ̀ ń wá ẹjọ́ àti ọgbẹ́ papọ̀ ni. Olómi ni kí ẹ ṣe. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ bí rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe ń lọ tààrà láìyí, ìmọ̀ kan náà ni ti olómi àti ti oníná.

Ẹ wá igo ẹlẹ́rìndòdò oní-lítà kan ààbọ̀ márùn-ún tí wọ́n jọra, tí wọn kò rún, tí wọn kò sì ní ìlà funfun lára. Igo omi mímu kò dára, nítorí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n igo ẹlẹ́rìndòdò nípọn kí ó lè gba agbára gáàsì tó wà nínú ohun mímu náà. Ẹ tún wá sẹ̀lótéèpù tó fẹ̀, ọ̀rá dúdú ńlá kan, òwú tó lágbára, bọ́ọ̀lù tẹníìsì àtijọ́ kan, àti pátákó ike fífúyẹ́ tí àwọn olóṣèlú fi ń tẹ àwòrán ara wọn, èyí tí kì í wọ́n lẹ́yìn ìdìbò.

Ọ̀kan nínú àwọn igo náà ni yóò gba atẹ́gùn, a ó sì máa pè é ní igo agbára. Ọ̀bẹ, ìṣó, iná àti gọ́ọ̀mù gbígbóná kò gbọdọ̀ kan igo yìí rárá, nítorí ojú ibi tó bá ti yọ́ tàbí tó ti ha ni yóò ti bẹ́. Ẹ dorí rẹ̀ kodò kí ẹnu rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ gé ọrùn àti ìdí igo mẹ́ta mìíràn dànù kí ó ku àárín wọn tó gún, ẹ tò wọ́n lé ìdí igo agbára lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi sẹ̀lótéèpù yí oríkèé kọ̀ọ̀kan ká dáadáa. Èjìká igo karùn-ún ni orí rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ gé ọrùn rẹ̀, kí ẹ fi ìdajì bọ́ọ̀lù tẹníìsì bo ihò rẹ̀, kí orí náà lè rọ̀ bí ó bá bá nǹkan pàdé. Ẹ yí gbogbo rẹ̀ gbirigbiri lórí ilẹ̀ onítáìsì: bí ó bá ń mì, ó ti wọ́, ẹ tú u kí ẹ tún un tò.

Ìyẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni kí ẹ gé láti ara pátákó ike náà, kí wọ́n dọ́gba, kí ààyè àárín wọn sì dọ́gba. Ẹ má ṣe lẹ̀ wọ́n mọ́ igo agbára fúnra rẹ̀. Ara òrùka tí ẹ gé láti inú igo karùn-ún ni kí ẹ so wọ́n mọ́, kí ẹ wá fi òrùka náà bọ igo agbára nítòsí ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì fi sẹ̀lótéèpù dì í.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti lo àkókò jù lọ. Bí ọfà ọdẹ ni rọ́kẹ́ẹ̀tì rí: irin wà lórí, ìyẹ́ wà ní ìdí, ìdí nìyí tí kì í fi í yí nígbà tí ó bá ń lọ. Ojú méjì ló wà lára rọ́kẹ́ẹ̀tì. Èkíní ni ojú ìwúwo, ìyẹn ibi tí ẹ lè fi okùn gbé e kọ́ tí yóò fi dúró gbọọrọ láìtẹ̀ sí ibì kan. Èkejì ni ojú atẹ́gùn, ibi tí a lè sọ pé gbogbo agbára atẹ́gùn tó ń fẹ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ parapọ̀ sí. Ojú ìwúwo gbọ́dọ̀ wà níwájú ojú atẹ́gùn, ní apá orí, àlàfo tó wà láàárín wọn kò sì gbọdọ̀ dín sí ìbú ara igo, ìyẹn nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 9. Láti mọ ojú atẹ́gùn láìṣe ìṣirò púpọ̀, ẹ fi páálí gé àwòrán rọ́kẹ́ẹ̀tì náà bí ó ṣe rí láti ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú ìyẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbé páálí náà lé etí rúlà títí yóò fi dúró. Ẹ sàmì sí ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ojú ìwúwo rọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ nígbà tí omi kò sí nínú rẹ̀, nítorí omi a ti tán kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé, òfìfo ló sì máa fi rin ìyókù ìrìn náà. Bí ojú méjèèjì bá súnmọ́ra jù, ẹ di iyanrìn díẹ̀ sínú ọ̀rá kékeré kí ẹ sì so ó mọ́ inú ara igo tó wà lókè pátápátá. Kì í ṣe inú orí ni kí ẹ kó o sí o, nítorí orí tó bá wúwo lè já kúrò ṣáájú àkókò rẹ̀.

Ẹ fi téèpù mú orí náà dúró fún ìgbà díẹ̀, ẹ so okùn tó gùn mọ́ ojú ìwúwo, kí ẹ sì máa fì í yípo lórí yín ní gbangba. Bí orí bá ń ṣíwájú ní gbogbo ìgbà, ó ti yẹ. Bí ó bá ń fi ìdí ṣíwájú tàbí tó ń ta kìtì, ẹ fi iyanrìn kún un tàbí kí ẹ mú ìyẹ́ tóbi sí i. Àfikún atẹ́gùn kò lè tún èyí ṣe. Yóò kàn mú un yí kíákíá ni.

Ọ̀rá dúdú ni a fi ń ṣe agbòòrùn tí yóò rọra gbé e sọ̀kalẹ̀. Ẹ gé e ní igun mẹ́jọ, kí ìbú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 80, kí ẹ so òwú mọ́ igun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ pa àwọn òwú náà pọ̀ mọ́ ara rọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì so orí náà mọ́ ọn pẹ̀lú. Ẹ ká a wọ inú ara òkè, kí ẹ gbé orí lé e lásán láìfi téèpù mú un. Nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ń gòkè, atẹ́gùn ló ń tẹ orí náà mọ́lẹ̀. Bí ó bá dé òkè tó sì fẹ́ dorí kodò, orí á bọ́, agbòòrùn á jáde. Kì í jáde ní gbogbo ìgbà, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró sí abẹ́ rẹ̀.

Ní ti kíkùn, ara òkè, orí àti ìyẹ́ nìkan ni kí ẹ kùn. Kẹ́míkà inú ọ̀dà kan lè mú igo agbára sán, ó sì yẹ kí ẹ máa rí inú rẹ̀ kedere. Ọ̀dà kì í dúró lára ike dídán, torí náà ẹ fi sáńpépà kíkúnná ha àwọn ibi tí ẹ fẹ́ kùn, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ, kí ẹ wá fín ọ̀dà inú agolo sí i ní ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mélòó kan. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń yan aṣọ tirẹ̀ fún Ojúde Ọba, ẹ̀yin náà mọ àwọ̀ yàn ju bí mo ṣe lè kọ́ yín lọ. Ṣùgbọ́n ẹ yẹra fún àwọ̀ ewé, nítorí inú oko obì ni ẹ ti máa wá a. Ẹ kun ìyẹ́ kan ní àwọ̀ tó yàtọ̀, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń yí bí ó ṣe ń gòkè.

Ẹ gbé igo kan dání lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta páìpù omi, kí ẹ sì dán páìpù ike ìdajì íńṣì wò lẹ́nu rẹ̀, kí ó wọlé láìfún. Ẹ kan páìpù náà mọ́ pátákó lóòró, kí èyí tí yóò wọ inú igo tó sẹ̀ǹtímítà 20, kí orí rẹ̀ lè yọ lójú omi. Òrùka rọ́bà lára páìpù náà ni kò ní jẹ́ kí ó jò. Ẹ to òjá ike tí àwọn oníṣẹ́ iná mànàmáná fi ń di wáyà yí páìpù ká, kí orí wọn kọjú sókè láti há etí ọrùn igo. Ẹ wá fi ègé páìpù tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ bọ̀ wọ́n kí wọ́n má bàa ṣí, kí ẹ sì so okùn mítà 10 mọ́ ègé yìí. Bí ẹ bá fà á sísàlẹ̀, òjá á tú, igo á lọ. Họ́ọ̀sì tó lágbára ni yóò ti ìdí páìpù lọ sọ́dọ̀ yín, fáàfù táyà sì gbọ́dọ̀ wà ní òpin rẹ̀ lọ́dọ̀ yín, kì í ṣe lẹ́bàá rọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ lè ti ọ̀nà jíjìn tú atẹ́gùn sílẹ̀ bí nǹkan bá há.

Kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó fò, ẹ kọ́kọ́ fi omi kún igo agbára dé ẹnu, kí ẹ fẹ́ ẹ dé 80 psi, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára atẹ́gùn tí ẹ máa rí lójú géèjì. Omi kì í fún pọ̀ bí atẹ́gùn, nítorí náà bí igo bá bẹ́, yóò kàn ya ni. Lọ́jọ́ ìfò, ẹ má ṣe kọjá 60 psi, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí táyà ọkọ̀ kékeré ń gbà. Páǹpù kẹ̀kẹ́ tó ní géèjì tó bẹ́ẹ̀.

Pápá ilé-ìwé tó gbòòrò ló dára, lówùúrọ̀ kí afẹ́fẹ́ tó dé, pẹ̀lú àṣẹ ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹ jìnnà sí wáyà iná, sí òpópónà Ṣágámù sí Ọ̀rẹ̀, àti sí pápákọ̀ òfurufú tó wà ní agbègbè Ìpẹ̀rù àti Ìlíṣàn. Ẹ bu ìdajì lítà omi sínú igo, ẹ dẹ pátákó sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ fi páìpù wọ ọ́, ẹ nà án ró, kí ẹ ti òjá pa. Gbogbo ènìyàn á padà sẹ́yìn dé òpin okùn, ẹni tó ń fẹ́ ẹ á wọ awò ààbò, ẹ ó sì ka ẹ̀ta, èjì, ọ̀kan, kí ẹ tó fa okùn. Bí kò bá lọ, ẹ má ṣe sún mọ́ ọn. Ẹ tẹ fáàfù títí géèjì yóò fi padà sí òdo.

Lẹ́yìn ìfò kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé igo agbára sójú oòrùn kí ẹ yẹ ọrùn àti ìdí rẹ̀ wò. Bí ìlà funfun kan bá ti yọ, ẹ gé téèpù rẹ̀, kí ẹ fi igo tuntun rọ́pò rẹ̀. Ara òkè, orí àti ìyẹ́ tí ẹ ti kùn ṣì wúlò fún òmíràn.