Bí A Ṣe Lè Ṣọ́ra fún Èrò Àkọ́kọ́ Tí A Ní Nípa Àlejò

Bí agùnbánirọ̀ kan bá sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì Kàbà ní Ìpínlẹ̀ Kogí lọ́sàn-án gangan, tí ìyá alákàrà kí i pé "Okun o," tí ọmọ náà sì dákẹ́, tó kàn ń wo ẹnu ìyá, kí a tó ṣẹ́jú a ó ti pè é ní agbéraga. Èrò bẹ́ẹ̀ kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ wa. Lọ́dún 2006, àwọn olùṣèwádìí méjì, Janine Willis àti Alexander Todorov, fi àwòrán ojú ènìyàn han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá sì ti tó wọn láti pinnu bóyá olójú náà ṣeé fọkàn tán. Nígbà tí wọ́n fi àkókò kún un, èrò wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ńṣe ló túbọ̀ ń dá wọn lójú.

Nítorí náà, ẹ má ṣe wàhálà láti dá èrò náà dúró. Ẹ kàn má tíì sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Lọ́dún 1950, Harold Kelley, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, sọ fún apá kan kíláàsì pé ara olùkọ́ àlejò tó ń bọ̀ yá mọ́ni, ó sọ fún apá kejì pé kò yá mọ́ni. Ẹ̀kọ́ kan náà ni gbogbo wọn jọ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ àwọn ti àkọ́kọ́ yìn ín jù, wọ́n sì bá a sọ̀rọ̀ jù.

Ẹ kíyè sí ohun tí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ pẹ̀lú. Solomon Asch, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá mìíràn, fi hàn lọ́dún 1946 pé ẹni tí wọ́n fi "ọlọ́gbọ́n" bẹ̀rẹ̀ àpèjúwe rẹ̀, tí wọ́n fi "onílara" parí rẹ̀, máa ń dára lójú ju ẹni tí wọ́n to ọ̀rọ̀ kan náà fún láti ẹ̀yìn wá. Bí ẹ bá ń ṣèwádìí ọkọ ọmọ yín, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ju ẹnì kan lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ipò tí ẹni náà wà. Bàtà agùnbánirọ̀ yẹn funfun tẹ́lẹ̀, eruku ọ̀nà ti sọ ọ́ di pupa. Ọwọ́ báàgì rẹ̀ ti já, ó gbá a mọ́ àyà. Ó lè jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ìkíni ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ kú," tí kò sì mọ̀ pé "Okun" jẹ́ ìkíni, pé òun náà ni wọ́n fi ń pe àwa Ìyàgbà, Ìjùmú, Owé àti Bùnú. Ẹ bi í pé, "Ọmọ mi, níbo lo ti ń bọ̀? Ṣé o ti jẹun?" Ẹ kọ́ ọ bí a ṣe ń dáhùn, kí ẹ sì tún rí i lọ́jà tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó sọ irú ẹni tó jẹ́.