PhD lórí ìpẹtà irin ní Ìlú Ọba: ẹ kọ́kọ́ wo ìlà owó

Tí ẹ bá rí ìkéde PhD kan ní Ìlú Ọba, lórí bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà wádìí ìpẹtà irin, tí wọ́n kọ "fully funded" sí gàdàgbà lókè, ẹ má tíì pe ẹbí jọ. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti sọ irú owó ilé-ìwé tí wọ́n máa san: ṣé ti ọmọ onílùú ni, èyí tí wọ́n ń pè ní "home fees", àbí ti àlejò?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé stipend, owó ìgbọ́bùkátà, là ń sáré wò. Ìyẹn ni kí á fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. UKRI, àjọ tó ń bá ìjọba náwó sí ìwádìí, fi stipend ọdún 2025 sí 2026 sí £20,780, wọn kì í sì í yọ owó orí nínú rẹ̀. Ìyẹn ò burú. Owó ilé-ìwé ni ẹ̀tẹ̀ ibẹ̀. Ti ọmọ onílùú jẹ́ nǹkan bíi £5,000 lọ́dún. Ti àlejò nínú ẹ̀kọ́ ẹnjiníà sì máa ń ju £20,000 lọ. Bí wọ́n bá ní "home fees" nìkan làwọn máa san, ẹ̀yin lẹ máa wá ìyókù, lọ́dọọdún, títí ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ á fi pé. Níbi tí owó bá ti wá láti UKRI, àlejò náà láǹfààní sí i, ṣùgbọ́n iye àlejò tí wọ́n lè mú kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 30 nínú 100. Torí náà, ẹ kọ íméèlì ṣókí sí ọ̀jọ̀gbọ́n náà: ṣé àyè àlejò ṣì wà? Kò sẹ́ni tí ìbéèrè yẹn ń bí nínú.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Irin kì í kàn dógùn-ún bí ẹní ń darúgbó. Apá kan lára rẹ̀ ń yọ́, ó ń tú ẹlẹ́kítírónù sílẹ̀, apá mìíràn ń gbà á, ọ̀rinrin tó wà lójú irin ló sì ń so apá méjèèjì pọ̀. Lọ́dún 1824, Humphry Davy, onímọ̀ kẹ́míkà, so síǹkì àti irin mọ́ bàbà tí wọ́n fi bo ìdí ọkọ̀ ojú omi ọmọ ogun Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí síǹkì àti irin lè máa jẹ ìyà tó tọ́ sí bàbà. Bàbà ò jẹrà mọ́ lóòótọ́, àmọ́ àwọn ẹ̀dá òkun bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọkọ̀, torí májèlé tó ń yọ́ lára bàbà ló ti ń lé wọn tẹ́lẹ̀! Ohun tí à ń fi kọ̀ǹpútà wá lónìí nìyẹn: ká rí àbájáde kí ó tó dójú omi.

Kò sí ọ̀nà ìṣirò orí kọ̀ǹpútà kan tó rí gbogbo rẹ̀ tán. Ẹni tó ń lo DFT (density functional theory), ìṣirò nípa ẹlẹ́kítírónù, ń wo bí mólíkúlù adènà-ìpẹtà kan ṣe ń dì mọ́ átọ́ọ̀mù ojú irin. Ẹni tó ń lo phase-field, ìṣirò tó ń tọpa bí ojú irin ṣe ń yí padà, ń wo bí ihò tíntìntín ṣe ń jìn sínú irin. Finite element, tó ń pín nǹkan sí wẹ́wẹ́ láti ṣírò rẹ̀, ló lè wo odidi páìpù. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n fẹ́, torí ìgbésí ayé yín wà níbẹ̀: oní-DFT á máa tò sórí ìlà lórí kọ̀ǹpútà ńláńlá bíi ARCHER2 ní Edinburgh. Ẹ tún béèrè ta ló máa fi irin gidi dán iṣẹ́ yín wò nínú yàrá ìwádìí. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni, èmi ò ní yára gbà á.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà yín, ATAS ló kàn. Ìwé àṣẹ ààbò ni, ẹ̀kọ́ nípa irin àti àwọn èròjà rẹ̀ wà lára ohun tó kàn, ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà sì gbọ́dọ̀ gbà á kó tó béèrè físà. Ẹ má sọ pé kọ̀ǹpútà nìkan lẹ máa tẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó lè gba ọjọ́ iṣẹ́ 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlàyé ìwádìí tí fásitì bá kọ fún yín ni kẹ́ ẹ fi sínú fọ́ọ̀mù, ẹ má bu iyọ̀ sí i. Bí àkòrí yín bá yí padà gidi lẹ́yìn náà, ẹ óò gba òmíràn.

Ti ẹbí rọrùn díẹ̀: láti oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn tó wá ṣe irú ìwádìí báyìí wà lára ìwọ̀nba akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣì lè mú ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ wá.

Owó ìlera, IHS, lẹ máa san pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú físà: £776 fún ọdún kan, nǹkan bíi £3,000 fún gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ máa lò, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí ló sì ní tirẹ̀. Stipend ò tíì wọlé nígbà yẹn, ó di ẹ̀yìn ìforúkọsílẹ̀. Àwọn fásitì kan máa ń dá owó físà àti IHS padà fún akẹ́kọ̀ọ́ wọn, àwọn mìíràn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ni kẹ́ ẹ béèrè.