Ẹ̀yìn Ríro, Orúnkún àti Gìgísẹ̀ Dídùn: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀, Ará Ilé àti Àwọn Tó Ń Sáré

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin àbúrò wa tẹ́ ẹ máa ń jí sáré láàárọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, orúnkún àti gìgísẹ̀ tó ń dùn la fẹ́ bá yín sọ, torí àwọn onífisiọ̀, ìyẹn àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ìrora ara, ti ṣe ìwádìí lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ò sì tíì dé etí wa lóko tó bó ṣe yẹ. Kókó ibẹ̀ ni pé ara èèyàn lágbára ju bá a ṣe rò lọ, iṣẹ́ tó bá ti mọ́ ọn lára kì í sábà ṣe é ní nǹkan, èyí tó já lù ú lójijì ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe ń rí lọ́dọọdún. Ẹ̀ẹ̀rùn á dé, ilẹ̀ á gan, kò ní sí ebè kíkọ fún bí oṣù mẹ́ta, èèyàn á máa jókòó, á máa lọ òde ìgbéyàwó kiri. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá wá rọ̀ báyìí, kálukú á gbé ọkọ́, ó di oko, ebè kíkọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta ẹlòmíì ò ní lè dìde lórí ẹní mọ́. Wọ́n á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n á ní òtútù ló wọ egungun, àwọn kan á tiẹ̀ ní ayé ló ń bá àwọn jà. Ẹ̀yìn tó ti sinmi látọjọ́ yìí la gbé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lé lórí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Àwọn tó ń sáré náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní 2025, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Aarhus ní Denmark gbé iṣẹ́ kan jáde, asáré 5,205 ni wọ́n fi oṣù 18 tẹ̀ lé. Tẹ́lẹ̀ ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ ni pé kéèyàn ṣọ́ àpapọ̀ ibi tó sá láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí òmíì, àmọ́ ohun tí wọ́n rí ni pé ọjọ́ kan ṣoṣo ló léwu jù, ìyẹn ọjọ́ téèyàn sáré jìnnà ju ibi tó jìnnà jù lọ tó ti sá dé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ sẹ́yìn. Tó bá ti fi ju 10 nínú 100 lé e, ìpalára bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nìyẹn, ẹni tó bá sì sá ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ, ewu tiẹ̀ náà ju ìlọ́po méjì lọ. Eré sísá ni wọ́n wò o, wọn ò wo ebè kíkọ, àmọ́ lójú tiwa ọ̀rọ̀ kan náà ni, a ò sì rí ìdí tí àgbẹ̀ ò fi ní fi ṣọgbọ́n.

Nítorí náà, kí òjò tó dé ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ máa rìn dáadáa, ẹ máa ro igbó díẹ̀díẹ̀, ẹ máa jókòó sórí àga kẹ́ ẹ sì dìde láì fọwọ́ tì í, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí ebè bá bẹ̀rẹ̀, wákàtí méjì ti tó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ fi díẹ̀ kún un lọ́jọ́ kejì. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ látòwúrọ̀ dọ̀sán, tẹ́ ẹ bá ti kọ bí ogún ebè, ẹ nàró, ẹ lọ ṣe iṣẹ́ míì tí kò ní bíbẹ̀rẹ̀ nínú kẹ́ ẹ tó padà síbẹ̀. Ẹni tó bá lè fi ẹ̀rúkọ́ gígùn sí ọkọ́ rẹ̀, kó fi sí i. Nínú ilé náà, ẹ so ìgbálẹ̀ mọ́ igi, kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 yẹn ẹ pín in sí kéékèèké méjì, kí ọwọ́ méjèèjì gbé e. A ò sọ pé bíbẹ̀rẹ̀ burú o, ẹ̀yìn la dá fún bíbẹ̀rẹ̀, pípẹ́ lórí ìbẹ̀rẹ̀ láì yí padà ló ń dá a lágara.

Tó bá ti ń ro ńkọ́?

Ẹ má dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà gan-an nìyí, ọmọ á ní kí bàbá má dìde rárá, ìyàwó á máa gbé oúnjẹ wá bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, àmọ́ iṣan á rọ, ẹ̀yìn á gan, ẹ̀rù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ba ẹni náà láti mira. Ọjọ́ kan sí méjì kéèyàn rọra ṣe ti tó, lẹ́yìn náà kó máa rìn yí ilé ká, kó padà sẹ́nu iṣẹ́ tó rọrùn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn ríro ló máa ń rọlẹ̀ gan-an láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àmọ́ ó máa ń padà wá, ibẹ̀ ni rírìn ti wúlò jù: ní Australia, wọ́n kó èèyàn 701 tí ẹ̀yìn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ sàn jọ, onífisiọ̀ kọ́ àwọn kan bí wọ́n á ṣe máa rìn títí wọ́n á fi máa rin bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nígbà márùn-ún lọ́sẹ̀, wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èsì jáde ní 2024. Nǹkan bí 112 ọjọ́ ló fi padà wá bá àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀, àwọn tó ń rìn jẹ ìsinmi tó tó 208 ọjọ́. Ẹsẹ̀ yín ni, owó kankan ò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹ́síréè àti MRI, àwọn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara. Èèyàn á ná owó gọbọi, wọ́n á ní egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń jẹ, kò ní lè sùn mọ́. Àyẹ̀wò tí wọ́n kó jọ ní 2015 lórí àwọn tí ẹ̀yìn ò ro rárá fi hàn pé nínú 100 ọmọ ogún ọdún, 37 ni àwòrán wọn ti ní irú jíjẹ bẹ́ẹ̀, nínú 100 arúgbó ọgọ́rin ọdún ó tó 96. Bí ewú ṣe ń wá sórí náà ló ń wá sí egungun. Tí kò bá sí àmì ewu tá a máa sọ nísàlẹ̀ yìí, àwòrán ò lè sọ ohun tó pọ̀.

Oògùn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa dá oògùn ìrora mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ ní kẹ́míìsì. Diclofenac téèyàn ń lò lójoojúmọ́ lórí òfìfo inú ń dá egbò sí inú, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá fún ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Tramadol yẹn wà lára oògùn tí wọ́n ń pè ní opioid, ìyẹn oògùn ìrora líle tó lè di bárakú. Ní 2023 ìwádìí kan láti Australia fún àwọn tí ẹ̀yìn tàbí ọrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ro ní oògùn opioid, kò sàn ju oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú lọ. Ẹ fi omi gbígbóná jo ó, ẹ fi òrí ra á, ìyẹn ò burú, ó ń dẹ ara. Kí ọmọdé máa gun ẹ̀yìn àgbàlagbà mọ́lẹ̀ ni a ò fẹ́, egungun arúgbó lè kán.

Àmì tẹ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ fojú kéré

Tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ò bá ṣeé mú mọ́, tàbí tí ìtọ̀ ò jáde, tí abẹ́ bá kú tìpìrì, tí ẹsẹ̀ bá ń rọ, ọsíbítù lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de àárọ̀. Ibà pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro, kéèyàn máa rù láìnídìí, ìrora tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn lóru, ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ rí, àgbàlagbà tó ṣubú, ẹ lọ rí dókítà. Ọmọ tó bá ní àrùn fòníkú-fọ̀ládìde (sickle cell), ìrora egungun tiẹ̀ kì í ṣe ohun tá a ń fi eré ìdárayá wò. Asáré tí ibì kan ṣoṣo lójúgun rẹ̀ ń dùn wọnú egungun, tí ìka kan lè tọ́ka sí i, kó dáwọ́ eré dúró, egungun lè ti sán.

Gìgísẹ̀ àti iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀

Iṣan ńlá tó wà lókè gìgísẹ̀ máa ń dun asáré gan-an. Ní 1998, ní Sweden, Håkan Alfredson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún asáré 15 ní iṣẹ́ kan ṣe: kéèyàn dúró lórí àtẹ̀gùn, kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbé ara sókè, kó wá fi ẹsẹ̀ tó ń dùn nìkan rọra sọ̀ kalẹ̀ títí gìgísẹ̀ á fi kọjá etí àtẹ̀gùn. Orúnkún títọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́nà mẹ́ta, orúnkún títẹ̀ díẹ̀, bákan náà, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, fún ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn 15 náà ló padà sáré. Àtẹ̀gùn iwájú ilé lẹ máa lò.

Ti àtẹ́lẹsẹ̀, èyí tó máa ń gún ìyá ọlọ́jà níbi ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀, ìwádìí Denmark kan ní 2015 ní kí wọ́n ká táwẹ́lì sábẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí wọ́n máa gbé gìgísẹ̀ sókè kí wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ méjì méjì. Lóṣù kẹta wọ́n sàn ju àwọn tó kàn ń na ẹsẹ̀ lọ. Yóò máa dùn díẹ̀ o, ìyẹn ò túmọ̀ sí pé ẹ ń ya iṣan: tí ẹ bá fún un ní máàkì nínú 10 tí ò ju 5 lọ, tó sì ti rọlẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, ẹ máa bá a lọ, tí kò bá rọlẹ̀, ẹ dín in kù.

Àwọn òbí tó ń sọ pé eré máa ba orúnkún ọmọ àwọn jẹ́, ìwádìí tí wọ́n kó jọ ní 2017 rí i pé nínú 100 ẹni tó ń sáré fún ìgbádùn, nǹkan bí 3 tàbí 4 ló ní orúnkún tàbí ìbàdí jíjẹ, nínú 100 àwọn tí kì í sáré ó tó 10. Ẹ jẹ́ kí ọmọ sáré.

Tó bá ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ tí kò sàn, ẹ lọ rí onífisiọ̀, wọ́n wà ní UCH Ìbàdàn, wọ́n wà ní ọsíbítù yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ọsíbítù ìjọba. Ẹ sọ fún un ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe lọ́sẹ̀ yẹn àti gbogbo oògùn àti àgbo tẹ́ ẹ ti lò, ẹ mú bàtà oko tàbí bàtà eré yín dání. Ẹ ní kó kọ́ yín ní eré ìdárayá tẹ́ ẹ máa ṣe nílé, ẹ ṣe é lójú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò, kó sì sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà wá fún yín.